Orí Keje: Ohùn Ẹ̀jẹ̀ Nínú Iṣan

Àwọn baba wa ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bẹ nínú, itọ́ funfun ni a ń tu síta. Sùúrù àti ìpamọ́ra ni wọ́n fi òwe náà kọ́ wa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ sikáànì nínú ilé ìwòsàn ìjọba, ní ilẹ̀ Òkun wa yìí, ni mo ti ń gbọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn, nítorí pé iṣẹ́ tí mo ń jẹun nídìí rẹ̀ ni kí n wo ẹ̀jẹ̀, arìnrìn-àjò tí kì í sùn, níbi tí ó fara pamọ́ sí, kí n gbọ́ bí ó ti ń lọ àti bí ó ti ń bọ̀, kí n sì sọ fún dókítà ibi tí ọ̀nà rẹ̀ gbé há, ibi tí ó gbé dí, àti ibi tí ó gbé ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ, láìfi abẹ kan ara, láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣoṣo kán sílẹ̀.

Bí mo bá dé àárín ẹbí, tí mo ní sikáànì ni iṣẹ́ mi, aboyún ni ọkàn gbogbo wọn ń sáré lọ bá. Láti Owé dé Bùnú, láti Ìjùmú dé Ìyàgbà, títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ ní ìhà odò Ọya, ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé láti ọdún 1958 tí Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Glasgow ti tẹ àwòrán inú ikùn jáde fún gbogbo ayé rí ni ẹ̀rọ náà ti di ti àwọn abiyamọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ni. Bí a bá yọ próòbù tí ó tẹ̀ kọdọrọ tí a fi ń wo ọlẹ̀, tí a ki èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bọ̀ ọ́, tí a sì tẹ bọ́tìnì tí a ń pè ní Doppler, ẹ̀rọ tí ó ka oṣù oyún ní àárọ̀ yóò di ẹ̀rọ tí ń wo iṣan ọrùn, iṣan itan àti iṣan apá ní ọ̀sán. Ní Amẹ́ríkà, odindi iṣẹ́ ni èyí. Àwọn tí ń ṣe é ní ìdánwò tiwọn àti ìwé ẹ̀rí tiwọn, ọdún sì lè yí po kí wọ́n má wo oyún kan. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn redíógráfà ni ó wà, àwọn tí òfin ọdún 1987 dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún, pẹ̀lú àwọn dókítà tí ó kọ́ nípa yíya àwòrán ara. Nítorí náà, ẹni kan ṣoṣo nínú ilé ìwòsàn ìjọba lè wo oyún mẹ́wàá àti kíndìnrín mẹ́ta kí ó tó wá kan ẹsẹ̀ wíwú tí a gbé wọlé láti oko.

Ohùn ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìtànṣán tí a fi ń ya àwòrán egungun. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòbẹ̀ tí ń gbé inú àjà ilé ń gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni ó sì fi ń fò nínú òkùnkùn biribiri láìforí sọ ògiri. Ti ẹ̀rọ wa ga ju ti òòbẹ̀ lọ fíìfíì, láti mílíọ̀nù méjì dé nǹkan bí mílíọ̀nù méjìlá ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń rin nǹkan bí 1,540 mítà nínú ẹran ara láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Bí ó bá kan ohun kan, a padà wá, bí ìgbà tí ọdẹ kígbe ní ẹsẹ̀ òkè tí òkè sì dá a lóhùn. Ẹ̀rọ a fi àkókò tí ohùn náà lò lọ́nà ṣírò bí ohun tí ó kàn ti jìn tó.

Ìyẹn ni a fi ń rí ohun tí ó dúró sójú kan. Èyí tí a fi ń mọ ohun tí ń rìn, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró rí ní etí ọ̀nà kọnkéré tí ó gùn ní kìlómítà 43 láàárín Ọbájànà àti Kàbà ti bá a pàdé, àfi bí kò bá fiyè sí i. Bí tírélà tí ó ru sìmẹ́ńtì bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tí awakọ̀ tẹ fèrè mọ́lẹ̀ tí kò gbé ọwọ́ kúrò, ohùn òkè ni fèrè náà fi ń ké bọ̀. Bí ó bá ti kọjá níwájú ẹni báyìí, ohùn náà a já wálẹ̀, a di ohùn ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ fèrè kan náà ni, awakọ̀ kò sì yí nǹkan kan padà. Ohun tí ń sún mọ́ wa ń kó ohùn rẹ̀ jọ síwájú, ohun tí ń lọ ń fà á gùn sẹ́yìn. Christian Doppler, tí a bí ní Salzburg ní ọdún 1803, ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú Prague ní ọdún 1842, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni ó sì ń rò nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Buys Ballot, ará ilẹ̀ Họ́láńdì, kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin, ó fi àwọn tí etí wọn mọ orin dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Prague kí Satomura ní ìlú Osaka tó darí ọgbọ́n yìí sí ọkàn tí ń lù, kí Strandness àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Seattle tó fi tẹ́tí sí iṣan ẹsẹ̀, tí wọ́n sì so àwòrán pọ̀ mọ́ ohùn nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Mo ti máa ń rò ó pé etí ọmọ Yorùbá yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mọ̀ pé igbá kì í ṣe ìgbà, tí ìgbà kì í sì í ṣe igba, tí ó ń gbọ́ ohun tí dùndún ń sọ láìjẹ́ pé onílù la ẹnu, kò yẹ kí ó ṣòro fún un láti mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan tí ara rẹ̀ dá àti èyí tí ó há. Iṣan àlọ ni mo ń pe èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkàn, iṣan àbọ̀ ni èyí tí ń dá a padà. Iṣan àlọ inú itan ẹni tí ara rẹ̀ le ń fọ ohùn mẹ́ta sí ìlù ọkàn kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ga, ó sì le, òun ni ẹ̀jẹ̀ fi ń ta síwájú, èkejì kúrú, òun ni ó fi ń yí sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀kẹta rọ̀, òun ni ó fi ń tún ọ̀nà rẹ̀ tọ̀. Bí ọ̀rá bá ti dì mọ́ ara iṣan náà tí ọ̀nà fi há, ohùn ibi híhá yẹn a lọ sókè fíofío, a máa han, nítorí pé odò tí a fún ní ọ̀nà tóóró kò ní ṣàìsáré. Bí a bá sì sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, ohùn mẹ́ta ti di ẹyọ kan, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Iṣan àbọ̀ kì í fọhùn bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ lórí pápá ni tirẹ̀, ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀ bí olúwarẹ̀ ti ń mí, bí mo bá sì fi ọwọ́ kejì fún ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, a bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ̀fúùfù tí ó ṣáájú òjò.

Ohun kan wà tí ẹ̀rọ kò lè ṣe fún ẹnikẹ́ni. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ gún iṣan ní ìbú gan-an, ní igun 90, ohun tí a ó gbọ́ kò ní jọ nǹkan kan, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ń ya bí odò. Àfi kí a da próòbù sí ẹ̀gbẹ́, kí igun náà má ju 60 lọ, kí a sì fi ìlà tí ó wà lójú ẹ̀rọ tọ ipa ẹ̀jẹ̀ gééré. Bí ọwọ́ bá ṣì díẹ̀ níbẹ̀, iye tí ẹ̀rọ yóò kọ sílẹ̀ yóò jẹ́ irọ́, bẹ́ẹ̀ yóò kọ ọ́ ní nọ́ńbà dídán tí ojú rí tí ọkàn gbà gbọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹ̀rọ a máa kun ẹ̀jẹ̀ tí ń rìn ní pupa àti ní búlúù, ẹni tuntun a sì rò pé pupa ni iṣan àlọ, búlúù ni iṣan àbọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pupa ni èyí tí ń bọ̀ wá bá próòbù, búlúù ni èyí tí ń lọ, bí a bá sì yí próòbù po, tàbí tí a tẹ bọ́tìnì kan, pupa a di búlúù lójú kan náà. Ní Bùnú, aṣọ ìpò pupa ni a fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú ìjòyè, ọmọ Bùnú tí ó bá sì rí pupa yẹn kì í béèrè ohun tí ó ń wí. Pupa ti ẹ̀rọ kò dà bẹ́ẹ̀, kò ní ìtumọ̀ kankan àfi èyí tí ẹni tí ó mú próòbù lọ́wọ́ bá mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ìyá àgbà kan láti apá Bùnú mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá, ẹni tí ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ òsì ọmọbìnrin náà ti wú láti kókósẹ̀ dé itan, ó ń dán, ó gbóná, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà bí Ọlọ́run ti dá a. “Òkun o, dókítà,” ni ìyá náà wí. Mo tẹríba, mo kí i padà, mo ní, “Ìyá, ọmọ yín ni mí, n kì í ṣe dókítà, èmi ni mo ń wo sikáànì.” Ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní ó tẹ nǹkan ni. A ti fi òrí pa á, a ti fi omi gbígbóná jó o, a wọ́ ọ títí, kò lọ.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wọ́ ẹsẹ̀ náà títí n ó fi wò ó tán.” N kò bá a jiyàn lórí ohun tí ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ tàbí tí kò tẹ̀, nítorí àgbà ni, ìfẹ́ ni ó sì gbé e jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo da jẹ́ẹ̀lì, mo fi próòbù lé ibi tí itan gbé pàdé ikùn. Níbẹ̀, iṣan àlọ àti iṣan àbọ̀ máa ń dùbúlẹ̀ ti ara wọn bí ẹyinjú méjì. Bí a bá rọra tẹ próòbù mọ́lẹ̀, iṣan àlọ kì í pa dé, nítorí pé ara rẹ̀ nípọn, agbára ọkàn sì wà nínú rẹ̀. Iṣan àbọ̀ a pa dé pátápátá, bí ẹni tí ó ṣẹ́jú, bí a bá sì gbé ọwọ́, a tún là. Gbogbo ìdánwò náà kò ju ìyẹn lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣẹ́jú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, tìṣọ́ratìṣọ́ra, títí iṣan àlọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí rọ, ṣùgbọ́n iṣan àbọ̀ náà la ojú sílẹ̀ rangandan, ó ń wò mí. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan sí ìka kan, mo ń tẹ̀, mo ń gbé, títí mo fi dé ẹ̀yìn orúnkún, n kò rí ibi tí ó gbé ṣẹ́jú. Mo ṣí ohùn. Ẹ̀fúùfù tí ó yẹ kí ó fẹ́ kò fẹ́. Mo fún ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà kò yẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Ara obìnrin tí ó lóyún a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kí ó má baà ṣòfò ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ìpèsè rere ni. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ tí ó wúwo a tẹ iṣan àbọ̀ inú ikùn, ẹ̀jẹ̀ a sì máa falẹ̀ ní ẹsẹ̀, ní ti òsì jù lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni iṣan àlọ kan gbé gun orí iṣan àbọ̀ tí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ẹ̀yìn. Ìwúlé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni ewu rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí díẹ̀ bá já nínú ẹ̀jẹ̀ dídì náà, ọ̀nà ọkàn ni yóò tọ̀, yóò sì gba ibẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, olúwarẹ̀ lè ṣubú lulẹ̀ lójijì kí a má mọ ohun tí ó pa á. Ìdí nìyẹn tí wíwọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí a fi inú kan ṣe, fi lè di iṣẹ́ ikú. Mo gbé èsì lé dókítà lọ́wọ́ kí jẹ́ẹ̀lì tó gbẹ, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì wọ ara rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Nígbà tí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, iṣan náà sì ṣẹ́jú ní ibi púpọ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ gbogbo ibi.

Ti ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ kò gba ọ̀rọ̀ gígùn níhìn-ín, nítorí orí kan wà fún un níwájú. Kí á ṣáà mọ̀ pé Doppler kékeré kan wà, tí kò ju tọ́ọ̀ṣì lọ, tí ń lo bátìrì, tí nọ́ọ̀sì lè fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, kí ó fi ti apá pín in. Bí iye náà bá dín sí 0.9, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há nínú ẹsẹ̀ yẹn, bí ó bá sì ju 1.4 lọ, kí ẹnikẹ́ni má yọ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ pé iṣan ti le bí igi, kò ṣe é fún pọ̀ mọ́, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn alátọ̀gbẹ. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí a gé ni egbò rẹ̀ ti wà fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọn ẹ̀jẹ̀ tí ń dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ yìí a máa jẹ ara. Èjìká àti ọrùn ọwọ́ tí ó ń di próòbù mú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ a máa ro ẹni lóru, ó sì ní àwọn ọjọ́ tí iná lọ nígbà tí a wo iṣan dé ìdajì itan, tí a ó jókòó, èmi àti aláìsàn, nínú òkùnkùn yàrá náà, tí a ó máa retí kí jẹnẹrétọ̀ dáhùn. Gbogbo èyí kò dùn mí tó ohun kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹ̀rọ wà, ọwọ́ ni kò sí. Ẹ̀rọ tí a rà fún aboyún ní Doppler nínú, próòbù tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ sì wà nínú àpótí rẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó yọ ọ́ rí, nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí ó yọ ọ́ kò rí ẹni kọ́ ọ, tàbí pé ó ti fi ilẹ̀ Òkun sílẹ̀ ó gba òkè òkun lọ. Nígbà náà ni a ó ní kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú máa lọ sí Lọ́kọ́ja, nǹkan bí kìlómítà 80 sí Kàbà, tàbí kí ó gbọ̀nà Ìlọrin tí ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó ká ẹsẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ìjókòó pípẹ́ wà lára ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìdánwò títẹ̀ tí mo ṣàpèjúwe yẹn, ẹni tí ó ti mọ sikáànì oyún dáradára lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo ti kọ́ ẹni méjì, mo sì mọ ohun tí mo ń wí.

Èyí tí ó ká mi lára jù lọ ni ti àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Kwaku Ohene-Frempong, ọmọ ilẹ̀ Gánà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1998 pé nínú 100 ọmọ tí ó jẹ́ SS, nǹkan bí 11 ni àrùn rọpárọsẹ̀ ń bá kí wọ́n tó pé ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ àrùn àgbà ni a mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé a máa ha ara iṣan ńlá inú ọpọlọ, iṣan náà a máa há díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré níbẹ̀ fún oṣù àti ọdún kí ọmọ tó ṣubú. Eré yẹn ni a ń gbọ́. Ní iwájú etí, egungun orí fẹ́lẹ́, ohùn mílíọ̀nù méjì sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Rune Aaslid ni ó fi ọ̀nà náà hàn ayé ní ọdún 1982. Robert Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá kó ọmọ 130 jọ tí eré ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí 63 lára ní gbogbo ìgbà, wọ́n tọ́jú 67 bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tẹ èsì jáde ní ọdún 1998, ọmọ 11 ni àjálù ti bá nínú àwọn 67, ẹyọ kan nínú àwọn 63.

Fífa ẹ̀jẹ̀ sára lóṣooṣù kò rọrùn fún wa, níbi tí ẹbí gbé ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń wá omi ní ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà ni iṣẹ́ Ikeoluwa Lagunju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCH Ìbàdàn fi ṣe iyebíye, àwọn tí ó fi oògùn hydroxyurea tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí eré ẹ̀jẹ̀ wọn sì rọlẹ̀. Ní Kánò àti Kàdúná pẹ̀lú, a fi ọmọ 220 wo ìwọ̀n oògùn náà méjì, mílígíráàmù 10 àti 20 sí kílò ara kan, èsì rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2022 sì fi hàn pé ìwọ̀n kékeré dáàbò bo ọpọlọ bí ìwọ̀n ńlá. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Oògùn kò wọ́n jù, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ọmọ tí ó yẹ kí a fún, bí kò bá sí ẹni tí ó tẹ́tí sí i?

Lọ́dún tí ó kọjá, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún mẹ́fà. Próòbù tí a fi ń wo ọkàn ni mo ní, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán hàn a máa ka iye tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti ẹ̀rọ tí Adams lò lọ, nítorí náà mo fi àyè sílẹ̀ fún un. Mo ní kí ọmọ náà má sùn, kí ó má sọkún, nítorí oorun àti ẹkún a máa yí eré ẹ̀jẹ̀ padà. Ó la ojú, ó ń wo àjà. Ó pẹ́ kí n tó rí ojú fèrèsé egungun náà. Mo ń yẹ próòbù bí ẹni tí ń wá ihò kọ́kọ́rọ́ lóru, àfi lójijì tí pupa yọ, tí ohùn sì tẹ̀ lé e, ó mọ́, ó dọ́gba. Apá ọ̀tún, 131. Apá òsì, 138. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ ọ́ sí káàdì, mo kọ oṣù tí wọn yóò padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Ìyá náà kò mọ̀wé. Ó ní kí n ka nọ́ńbà náà fún òun, ó ń kà á tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ká káàdì náà sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó sì ta á ní kókó.